Òògùn àbí eré ìmárale? Àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Durham lórí ìtọ́jú àìsàn ìsoríkọ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni James Blumenthal àti àwọn olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke, ní ìlú Durham, ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí ariwo rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ títí dòní. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò lọ́jú pọ̀: bí àìsàn ìsoríkọ́ bá mú àgbàlagbà, ṣé eré ìmárale lè ṣe iṣẹ́ tí òògùn ń ṣe? Nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló gba ìgboro: pé eré ìmárale ń ṣiṣẹ́ bí òògùn. Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ báyẹn lásán, ewu wà níbẹ̀. Ẹnì kan lè gbọ́ ọ kó da òògùn rẹ̀ nù láìsọ fún dókítà. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ kó wá dojú kọ aláìsàn tí kò lè dìde lórí ibùsùn pé, "Ìwọ náà ṣáà jáde lọ rìn, ara rẹ á yá." Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tú ìṣẹ̀lẹ̀ náà palẹ̀ látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú ohun tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún 1999, èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà dé ibẹ̀.

Àwọn tí wọ́n tọ́jú

Èèyàn 156 ló kópa, ọkùnrin àti obìnrin, tí ọjọ́ orí wọn ti pé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àìsàn ìsoríkọ́ gidi.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "gidi" yìí, torí pé kò sí ẹni tí ìbànújẹ́ kì í dé bá. Èèyàn á pàdánù iṣẹ́, á pàdánù ẹni tó fẹ́ràn, ọkàn rẹ̀ á gbọgbẹ́, ọjọ́ á sì máa gorí ọjọ́ títí tí ara á fi balẹ̀. Ti àìsàn ìsoríkọ́ yàtọ̀ sí èyí. Òfin tí àwọn dókítà fi ń dá a mọ̀ ni pé, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ó kéré tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni àmì márùn-ún nínú mẹ́sàn-án á máa hàn lára onítọ̀hún, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkàn tó ṣú dùdù tàbí kí nǹkan tó ń wu èèyàn tẹ́lẹ̀ má wù ú mọ́. Àwọn àmì yòókù ni oorun tí kò wá tàbí tó pọ̀ jù, oúnjẹ tí kò wọlé tàbí àjẹjù, àárẹ̀ tí ìsinmi kò lè mú kúrò, kí ara máa falẹ̀ tàbí kí èèyàn má lè jókòó sójú kan, kí èèyàn máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò tó nǹkan, kí ọkàn má lè pa pọ̀ sójú kan, àti kí ìrònú ikú máa wá sọ́kàn.

Tún àwọn àmì náà kà dáadáa. Àárẹ̀ wà níbẹ̀. Kí nǹkan má wuni mọ́ wà níbẹ̀. Kí ara máa falẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí eré ìmárale ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn gan-an ni àìsàn yìí kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú mọ̀ pé bàtà òun wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè jókòó sí etí ibùsùn láti aago méje títí di aago mẹ́wàá, kó máa wo bàtà náà, kó mọ̀ pé ohun tó kù kò ju kí òun ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ, síbẹ̀ kó má lè ṣe é. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Bí ẹ bá mú nǹkan kan nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ mú èyí, torí pé òun ló ṣàlàyé ìdí tí ìtọ́jú Durham fi rí bó ṣe rí.

Ìkéde ni wọ́n fi pe àwọn èèyàn náà, àwọn tó fẹ́ kópa ló sì wá fúnra wọn. Wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó wọlé pé ó ṣeé ṣe kí eré ìmárale kan àwọn. Èyí ṣe pàtàkì, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Kèké ni wọ́n fi pín wọn sọ́nà mẹ́ta, kó má bàa jẹ́ pé àwọn tí ara wọn ṣì le díẹ̀ ló máa kó ara wọn jọ síbi eré. Àwọn 53 bọ́ sí ẹgbẹ́ eré ìmárale nìkan. Àwọn 48 bọ́ sí ẹgbẹ́ òògùn nìkan. Àwọn 55 gba méjèèjì pọ̀.

Bí ìtọ́jú náà ṣe lọ

Ti òògùn kò gùn láti sọ. Sertraline ni wọ́n fún wọn, ọ̀kan nínú àwọn òògùn ìsoríkọ́ tí wọ́n ń lò jù lágbàáyé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti míligíráàmù 50 lójúmọ́, wọ́n sì lè gbé e lọ sí 200 bí ara onítọ̀hún bá ṣe gbà á. Dókítà ọpọlọ ló ń rí wọn látìgbàdégbà, tó ń bi wọ́n léèrè bí ara ṣe rí, tó sì ń tún ìwọ̀n òògùn náà ṣe.

Ti eré ìmárale ló yẹ ká fara balẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 16 láìdáwọ́ dúró, àwọn aláìsàn náà máa ń pé jọ sójú kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 10 na ara díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rìn kánkán tàbí kí wọ́n sáré díẹ̀díẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú láìdúró. Wọ́n á wá fi ìṣẹ́jú 5 rọra tu ara lára kí wọ́n tó lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 45 lọ.

Kì í ṣe bí ó bá ṣe wu kálukú ló ń rìn o. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò fún olúkúlùkù lórí ẹ̀rọ ìsáré kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ gbà á àti ibi tí lílù ọkàn rẹ̀ lè dé. Orí àbájáde yìí ni wọ́n gbé ìwọ̀n eré rẹ̀ lé: láàárín ìdá 70 sí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo tó wà láàárín lílù ọkàn nígbà ìsinmi àti èyí tó ga jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ẹnì kan. Ká ní ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan tó bá jókòó jẹ́ẹ́, tó sì lè dé 160 tó bá lo gbogbo agbára rẹ̀. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 90. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 63. Tí a bá fi kún 70 tó ti wà nílẹ̀, ó di 133. Ìdá 85 jẹ́ 76 àti ààbọ̀, ìyẹn gbé e dé nǹkan bí 146. Nítorí náà, fún odidi ìdajì wákàtí, ọkàn ẹni yìí gbọ́dọ̀ máa lù láàárín 133 sí 146. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á máa làágùn. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó mí, ṣùgbọ́n kò lè rojọ́ gùn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sì wà lórí ìdúró, tó ń wo lílù ọkàn wọn, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní eré ìmárale ní Durham. Ó ní ọjọ́, ó ní aago, ó ní ìwọ̀n tí wọ́n ṣírò fún ara kálukú, ó ní ẹni tó ń retí aláìsàn, ó sì ní àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń gbé irú ẹrù kan náà tí wọ́n jọ ń rìn. Bí aláìsàn kò bá yọjú, wọ́n á mọ̀ pé kò wá. Lójú tèmi, apá pàtàkì nínú ìtọ́jú náà ni èyí, torí pé ẹni tó ń wo bàtà láti àárọ̀ kò ní agbára tí yóò fi dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ yá a ní tirẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi wọn bí àìsàn náà ṣe le tó. Èkíní ni òṣùwọ̀n Hamilton, tí òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fi bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀. Èkejì ni ti Beck, ìwé ìbéèrè tí aláìsàn máa ń dáhùn fúnra rẹ̀. Òṣùwọ̀n méjèèjì lọ sílẹ̀ gan-an ní ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé àìsàn náà kò sí lára wọn mọ́, wọ́n rí ìdá 60.4 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹgbẹ́ eré, ìdá 68.8 ní ẹgbẹ́ òògùn, àti ìdá 65.5 ní ẹgbẹ́ tó gba méjèèjì. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ohun tí a lè gbára lé. Ibí ni gbólóhùn tó gba ìgboro yẹn ti wá.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà nínú àbájáde yìí kan náà tí kì í sábà bá gbólóhùn náà rìn. Àkọ́kọ́, òògùn yára jù. Àwọn tó gba òògùn nìkan ló kọ́kọ́ rí ìyípadà ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ìyà ń jẹ, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹni tí ìrònú ikú sì ń dà láàmú kò gbọ́dọ̀ jókòó máa dúró de eré ìmárale. Èkejì, àwọn kan kò parí rẹ̀. Èèyàn 32 nínú 156 ló já sílẹ̀ lójú ọ̀nà: 14 ní ẹgbẹ́ eré, 7 ní ẹgbẹ́ òògùn, 11 ní ẹgbẹ́ àjùmọ̀lò. Ẹni kan nínú mẹ́rin tí wọ́n ní kó máa ṣe eré ni kò bá a dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wù láti ṣe é ló wá, tí ẹni tó ń darí wọn sì wà nítòsí. Ẹ wá rò ó wò, ẹni tí wọ́n kàn fi ẹnu sọ fún ní yàrá dókítà ńkọ́?

Ihò ńlá kan sì tún wà nínú iṣẹ́ náà. Kò sí ẹgbẹ́ kẹrin tí wọ́n fún ní hóró òfìfo, ìyẹn hóró tó jọ òògùn tí kò sì ní nǹkan kan nínú. Ìsoríkọ́ máa ń lọ fúnra rẹ̀ lára àwọn kan bí oṣù bá ti ń gorí oṣù. Ìrètí nìkan máa ń gbé àwọn kan dìde. Kí èèyàn máa rí àwọn ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ náà ní agbára tirẹ̀. Láìsí ẹgbẹ́ kẹrin, kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ti eré àti èyí tó jẹ́ ti nǹkan mìíràn. Blumenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà, bí a ó ṣe rí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí i

Ìdí tí mo fi ń kọ nǹkan yìí gan-an nìyí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 pé, ìtọ́jú parí, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń fi ọranyàn mú wọn mọ́: ẹni tó bá fẹ́ lè máa bá eré lọ, ẹni tó bá fẹ́ lè máa mu òògùn, ẹni tó bá fẹ́ lè fi méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyẹn oṣù mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pè wọ́n padà. Michael Babyak ló ṣáájú àwọn tó kọ àbájáde èyí ní ọdún 2000.

Wọ́n wo àwọn tí ara wọn ti yá ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Lára àwọn tó ṣe eré nìkan, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn náà padà bá. Lára àwọn tó lo òògùn nìkan, ìdá 38 ni. Lára àwọn tó gba méjèèjì pọ̀, ìdá 31.

Nọ́ńbà ìkẹyìn yìí ló ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ta ni kò ní rò pé òògùn pẹ̀lú eré á dáa ju ẹyọ kan lọ? Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà gbé kalẹ̀ ni pé ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú àìsàn á gbà pé òun fúnra òun ló ṣe é, pé òun làágùn fún un, pé òun lè tún un ṣe bí ó bá tún dé. Ẹni tó ń mu hóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè fi gbogbo ọpẹ́ fún hóró náà, kí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn má sì ta gbòǹgbò nínú rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, mo sì gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú ohun tí ìsoríkọ́ ń bàjẹ́ jù lára èèyàn ni ìgbàgbọ́ pé ohunkóhun tí òun bá ṣe lè yí nǹkan padà. Síbẹ̀, àbá ni. Àwọn tí wọ́n kà kò pé ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tún pín sọ́nà mẹ́ta, nítorí náà èèyàn bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè yí ìdá wọ̀nyí padà gan-an.

Ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ìyẹn lọ nínú àbájáde ọdún 2000 kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí kèké gbé èèyàn sí. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín oṣù mẹ́fà náà, ó hàn pé ààlà ti pòórá: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ẹgbẹ́ eré ṣì ń ṣe é, àwọn tó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ òògùn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ eré tiwọn. Nínú ẹgbẹ́ yòówù tí èèyàn ti wá, bó bá ṣe ń ṣe eré tó lọ́sẹ̀ ni ewu rẹ̀ ń dín kù tó. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 50 kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé sórí iye tí èèyàn ń ṣe lọ́sẹ̀, ewu pé àìsàn á wà lára rẹ̀ máa ń dín sí ìdajì.

Ẹnì kan lè sọ pé bóyá torí pé ara àwọn yẹn ti yá ni wọ́n ṣe rí agbára ṣe eré, kì í ṣe pé eré ló mú ara wọn yá. Òótọ́ ni, kò sì sí bí apá yìí nìkan ṣe lè dá a lóhùn, torí pé kì í ṣe kèké ló pín àwọn èèyàn ní oṣù mẹ́fà ìkẹyìn. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi yàn án. Mo rò pé méjèèjì ló ń ti ara wọn: ara tó yá díẹ̀ á rìn díẹ̀, ìrìn díẹ̀ náà á sì mú un yá sí i. Ẹni tó bá ti bá ìsoríkọ́ gbé mọ̀ pé bó ṣe ń wọlé náà nìyẹn, ní òdìkejì.

Wọ́n padà síbẹ̀

Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí kan náà gbé iṣẹ́ kejì jáde láti dí ihò àkọ́kọ́. Àgbàlagbà 202 tó ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì pín wọn sọ́nà mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ 16: eré níbi tí ẹni tó ń darí wà, eré tí kálukú ń ṣe nílé ara rẹ̀, sertraline, àti hóró òfìfo. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló yá ní ẹgbẹ́ eré tí wọ́n ń darí, ìdá 40 ní ẹgbẹ́ eré ilé, ìdá 47 ní ẹgbẹ́ òògùn. Ní ẹgbẹ́ hóró òfìfo, ìdá 31 ló yá.

Ẹ wo ìdá 31 yẹn dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àwọn tí kò gba nǹkan kan ju ìrètí àti àbójútó lọ. Ó túmọ̀ sí pé, nínú èèyàn mẹ́wàá, ẹni kan tàbí méjì ni eré tàbí òògùn fi ju hóró òfìfo lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu rárá, òǹkà sì fi hàn pé ìyàtọ̀ náà wà létí bèbè ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ṣùgbọ́n eré àti òògùn tún dọ́gba gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dọ́gba ní 1999. Ẹni tó bá ní eré kò ṣiṣẹ́ nítorí nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nípa òògùn náà, mi ò sì rí ọ̀pọ̀ tó ṣe tán láti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà ti rí ẹ̀rí mìíràn níbòmíràn. Ní ọdún 2005, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà 80 tí wọ́n wà láàárín ọdún 20 sí 45 fi eré tó pọ̀ tó wé eré tó kéré. Àwọn tó ṣe ìwọ̀n tí àwọn aláṣẹ ìlera ń dámọ̀ràn rí i pé àmì àìsàn wọn dín kù ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tí tiwọn kéré rí ìdá 30, èyí tí kò yàtọ̀ sí ìdá 29 tí àwọn tó kàn na ara lásán rí. Bí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Àpapọ̀ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ìdàkejì Durham ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ní agbègbè Bristol àti Exeter, wọ́n mú àgbàlagbà 361 tó ní ìsoríkọ́. Wọ́n ń bá ìtọ́jú wọn lọ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n wọ́n fún ìdajì wọn ní olùrànlọ́wọ́ tí yóò máa gbà wọ́n níyànjú, lójúkojú nígbà mìíràn àti lórí fóònù, pé kí wọ́n máa lo ara wọn sí i. Kò sí eré tí wọ́n jọ ń ṣe, kò sí ìwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún kálukú. Ìyànjú náà ràn wọ́n lọ́wọ́ láti máa lo ara sí i lóòótọ́. Ìsoríkọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Àwọn ìwé ìròyìn kan fi ìyẹn kéde pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ eré ìmárale. Èmi kà á lọ́nà mìíràn: ìyànjú ni wọ́n dán wò níbẹ̀, kì í ṣe ìtọ́jú tí Durham ṣe. Kò sí ẹni tí yóò fún aláìsàn ní ìwé pẹlẹbẹ kan nípa sertraline, kó wá sọ pé sertraline kò ṣiṣẹ́ nígbà tí ara kò yá. Àmọ́ kí n má fi ibì kan pamọ́: nígbà tí àjọ Cochrane kó ìwádìí 39 jọ ní 2013, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ fi hàn pé eré ń ṣe àǹfààní tó jọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ́ àwọn mẹ́fà tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe jù lọ sọ́tọ̀, àǹfààní náà kéré gan-an, kò sì dájú. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bó ṣe pọ̀ tó.

Lórí ohun tí eré ń ṣe nínú ara gan-an, ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú. Ó ń mú kí ọpọlọ tú àwọn èròjà tó ń mú iṣan ọpọlọ dàgbà síta, ó ń tún oorun ṣe, ó sì ń kọ́ ara bí a ṣe ń gba pákáǹleke kí ó sì rọlẹ̀ padà. Èwo ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwòsàn? Kò sí ẹni tó tíì lè tọ́ka sí ẹyọ kan pàtó.

Ibi tí ìtọ́jú náà dé báyìí

Ní 2022, àjọ NICE tó ń là á sílẹ̀ fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú aláìsàn fi eré ìmárale inú ẹgbẹ́ sára ohun tí wọ́n lè fún ẹni tí ìsoríkọ́ rẹ̀ kò tíì le púpọ̀. Wọ́n ní kó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà máa darí rẹ̀. Ẹ rí i pé àwòṣe Durham ni: ẹgbẹ́, ọjọ́, ìwọ̀n, ẹni tó ń retí ẹni.

Fún àwọn tí kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí, àbájáde ọdún 2011 ni mo rò pé ó wúlò jù. Àwọn olùwádìí Duke tún wá àwọn 202 yẹn kàn lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n sì rí 172 nínú wọn. Ẹgbẹ́ tí kèké kọ́kọ́ gbé wọn sí kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, nítorí náà ìdá 8 tó dùn ún gbọ́ ní ọdún 2000 kò tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó tún hàn gbangba ni ti àwọn tó ń bá eré lọ fúnra wọn: àwọn ni ara wọn yá jù. Bí eré náà ṣe ń pọ̀ ni àǹfààní ń pọ̀, títí dé nǹkan bí ìṣẹ́jú 180 lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò tún gòkè sí i. Wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, tàbí ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá wà nínú àìsàn yìí, ẹ má fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí i. Ẹ dá ọjọ́, ẹ dá aago, kí ẹ sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní aago náà pẹ̀lú bàtà tiyín lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lè rìn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ rin mẹ́wàá. Bí ó bá ní òun kò lè jáde lónìí, ẹ jókòó tì í díẹ̀, kí ẹ tún wá ní ọjọ́ tó kàn. Ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí kò tíì ṣe eré láti ọjọ́ pípẹ́, ni kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe yẹ àwọn ti Durham wò. Ẹni tó bá ń mu òògùn lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ó ti ń rìn. Dókítà ni yóò bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀ tí àsìkò bá tó. Bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tó ń dágbére fún àwọn èèyàn, ẹ fi ti ìrìn sílẹ̀ ná, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.